Àbùkù Abẹ́ Awọ

Ọ̀gá Jẹ́-n-wò-ó ti yẹ ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ odò náà wò látòkè délẹ̀, ó sì ti fẹ́ dárúkọ iye tó tọ́ sí i, nígbà tí ìka rẹ̀ kan ojú rírán kan lára awọ tó bo ọwọ́ ẹ́ńjìnnì, lábẹ́ ọ̀dà. Ó dúró. Ó fi èékánná tọ ojú rírán náà lọ díẹ̀díẹ̀. Òwú náà lọ síwájú, ó padà sẹ́yìn díẹ̀, ó tún lọ síwájú, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí dé ìparí, níbi tí wọ́n ti fi kókó kékeré kan pa á mọ́ sínú. Nínú gbogbo ẹni tó mọ̀ láyé, ẹnì kan ṣoṣo ló ń rán nǹkan báyẹn, ẹni náà ló sì rán kọ́là ẹ̀wù tó wà lọ́rùn rẹ̀ lọ́jọ́ náà.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé kò dáa ni?" Ẹni tó mú un wá ló bi í bẹ́ẹ̀. Apẹja ni, wọ́n ń pè é ní Ọkọ Kékeré, ó sì ti ń fi àjẹ̀ tukọ̀ títí èjìká rẹ̀ fi sú u.

"Dákẹ́ ná," ni Jẹ́-n-wò-ó wí. "Jẹ́ n wò ó."

Ọ̀rọ̀ yìí ló di orúkọ mọ́ ọn lára. Ìbáà jẹ́ òkú, ìbáà jẹ́ ilẹ̀kùn tí wọ́n já, ìbáà jẹ́ adìẹ tó sọnù, bó bá ti débẹ̀, ohun tó máa kọ́kọ́ sọ nìyẹn, á sì máa wò ó títí yóò fi sú ẹni tó pè é. Kó tó di ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́, inú ọkọ̀ àwọn ọlọ́pàá tó ń ṣọ́ odò ló ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, nítorí náà ẹ́ńjìnnì kì í ṣe àjèjì sí i. Ìdí nìyẹn tí àwọn apẹja fi máa ń bẹ̀ ẹ́ kó sin àwọn lọ bí wọ́n bá fẹ́ ra àlòkù, torí ẹni tó bá dá lọ ra ẹ́ńjìnnì àlòkù, ẹkún ni yóò fi gbé e wálé.

Ṣọ́ọ̀bù náà gùn tẹẹrẹ, ó sì ń rùn fún epo bẹntiróòlù. Wọ́n fi ẹ́ńjìnnì kọ́ orí pákó lọ́tùn-ún lósì, dúrọ́ọ̀mù omi kan sì wà láàárín tí wọ́n fi ń dán wọn wò. Bàbá àgbàlagbà kan tó rí pẹ́lẹ́ńgẹ́ ló ni ibẹ̀. Ó-ń-ṣiṣẹ́ ni gbogbo ayé ń pè é, nítorí ẹ́ńjìnnì tí kò lórí, tí kò nídìí, bí o bá bi í léèrè, "Ó ń ṣiṣẹ́" náà ni yóò sọ.

Èyí tí wọ́n ń wò yìí ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́ ṣá. Jẹ́-n-wò-ó ti rọra fa okùn rẹ̀, ẹ́ńjìnnì sì fà á padà mọ́ ọn lọ́wọ́, èyí tó fi hàn pé àyà rẹ̀ ṣì le. Wọ́n gbé e sínú dúrọ́ọ̀mù, ó jí, omi sì ń tú jáde lẹ́yìn rẹ̀ bó ṣe yẹ. Abẹ̀bẹ̀ irin ìdí rẹ̀ ti ṣán létí kan, ìyẹn òkúta odò. Ọ̀dà búlúù tuntun ni wọ́n fi kùn ún, wọ́n sì kùn ún dé ibi tí ọ̀dà kì í dé. Ibi tí nọ́ńbà rẹ̀ yẹ kó wà ń dán bọ̀rọ́bọ̀rọ́.

"Bàbá, nọ́ńbà rẹ̀ ńkọ́?"

"Ìpẹtà ló jẹ ẹ́, ọ̀gá."

"Ìpẹtà tó mọ fáìlì ìharin í lò."

Bàbá náà rẹ́rìn-ín eléyín gbígbẹ. Àmọ́ nígbà tí ọwọ́ ọlọ́pàá dé ibi ọwọ́ ẹ́ńjìnnì, níbi tí awakọ̀ máa ń dì mú, tí wọ́n rán awọ bò, ara bàbá yá gágá. "Ẹ má dààmú ara yín síbẹ̀, ọ̀gá. Ibẹ̀ ti là lábẹ́ awọ yẹn. Mo ti yọ ìyẹn kúrò nínú iye tí mo pè."

Ẹnu ya Jẹ́-n-wò-ó. Ọkùnrin tí kò jẹ́wọ́ àbùkù rí ló ń fẹnu ara rẹ̀ ka àbùkù yìí. Ó fi ọ̀rọ̀ náà pa mọ́ sínú, ó sì padà sí ojú rírán.

*

Ẹ jẹ́ n sọ ẹni tó ni ín kí ọ̀rọ̀ má baà rú yín lójú. Atukọ̀ kan wà lórí odò náà, ẹ̀gbọ́n Ọkọ Kékeré ni, iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa fi ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì gbé èrò sọdá. Ọdún méjì àti díẹ̀ sẹ́yìn, lẹ́yìn òjò ńlá kan, wọ́n rí ọkọ̀ rẹ̀ tó dojú dé láàárín esùsú. Kò sí ẹ́ńjìnnì, kò sí atukọ̀. Wọ́n wá a títí, wọn ò rí i. Gbogbo ènìyàn ní odò ti gbé e lọ àti pé ẹ́ńjìnnì ti rì sísàlẹ̀, ọ̀rọ̀ sì parí síbẹ̀ lójú gbogbo ayé.

Lójú ìyàwó rẹ̀ nìkan ni kò parí. Aránṣọ ni obìnrin náà. Gbogbo àdúgbò ń pè é ní Ìyàwó Atukọ̀, àfi Jẹ́-n-wò-ó nìkan tó ń pè é ní Aránṣọ, nítorí ẹnu rẹ̀ kì í gba èkejì. Agboolé kan náà ni wọ́n jọ dàgbà sí. Ó ti fẹ́ràn rẹ̀ kí ọkùnrin yẹn tó fi ọkọ̀ gbé e sọdá odò, kò sì sọ ọ́ síta, ó ń wò ó, ó ń wò ó, ẹlòmíràn wá fẹ́ ẹ. Òun náà gbéyàwó, ìyàwó rẹ̀ kú, ọdún sì ń gorí ọdún. Lẹ́yìn tí Atukọ̀ sọnù, ó gbójú, ó sọ ti inú rẹ̀.

Obìnrin náà ò bínú. Ó ní, "Mi ò mọ̀ bóyá opó ni mí, mi ò mọ̀ bóyá ìyàwó ilé ni mí. Ìwọ ni ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́. Wádìí ẹ̀ fún mi. Ọjọ́ tí o bá sọ fún mi pé ó ti kú tàbí pé ó wà láàyè, ọjọ́ yẹn ni màá dá ẹ lóhùn."

Láti ìgbà náà, kò sí ohun tó wá sójú odò tí Jẹ́-n-wò-ó ò wò. Bí ó bá sì di ìrọ̀lẹ́, á gba iwájú ṣọ́ọ̀bù obìnrin náà kọjá, á kí i pé ó kú iṣẹ́, á sì máa lọ. Bọ́tìnì tí kò já gan-an, á já a, kó lè gbé e wá fún un kó rán. Ẹ má fi í rẹ́rìn-ín. Ẹni tí nǹkan ń wù ló mọ bó ṣe ń ṣe é.

*

"Ọkọ Kékeré, lọ dúró dè mí nídìí ọkọ̀ rẹ."

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé a ò ní rà á mọ́ ni?"

"Mo ní kó o lọ dúró."

Nígbà tó jáde, Jẹ́-n-wò-ó fa àpótí kan, ó jókòó lé e. "Bàbá, ta ló ta ẹ́ńjìnnì yìí fún yín?"

"Oníbàárà kan ni. Ó ti rìnrìn àjò."

"Orúkọ ẹ̀?"

"Kò fi sílẹ̀."

"Ó mú un rìnrìn àjò nìyẹn. Ẹ tún un sọ, bàbá. Èmi àti ẹ̀yin ti dàgbà ju ìyẹn lọ."

Bàbá nu ojú. "Kí n má purọ́ fún yín. Àwọn apẹja ló fi àwọ̀n fà á jáde nísàlẹ̀ odò. Ó ti rì. Èmi ni mo tún un ṣe."

Inú ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ dùn, ìdùnnú náà sì tì í lójú. Bí ẹ́ńjìnnì bá rì, a jẹ́ pé ẹni tó ń wà á rì. A jẹ́ pé Aránṣọ ti di opó, ó sì lè gba èsì lónìí kó tó dalẹ́. Ó lè dìde, kó lọ sọ fún un. Àmọ́ ìwà ò ṣeé fi pamọ́: ó ní kí òun wò ó ná.

Ó gba irin ìtúbóòtù, ó tú bóòtù kékeré tó wà lẹ́sẹ̀ ẹ́ńjìnnì, níbi tí gíà ń gbé, ó sì fi ìdérí agolo kan gbe ọ́ìlì tó ń kán.

"Irú ọ́ìlì wo lẹ rí, bàbá?"

"Dúdú."

"Bí omi bá wọ̀ ọ́ ńkọ́?"

"Á funfun bí wàrà. Àmọ́ mo ti pààrọ̀ ẹ̀."

"Ó dáa. Ẹ ti pààrọ̀ ẹ̀." Ó tú púlọ́ọ̀gì, ó na tọ́ọ̀ṣì sínú ihò, ó ní kí bàbá wá yọjú. Inú irin náà ń dán, kò sí àmì kankan lára rẹ̀ àfi èéfín iṣẹ́. "Ẹ́ńjìnnì tó bá sùn nísàlẹ̀ odò, ìpẹtà ló máa ń bá jí. Ìpẹtà inú ibí yìí dà? Ṣé ẹ pààrọ̀ ìyẹn náà ni?"

Jẹ́-n-wò-ó pa tọ́ọ̀ṣì.

"Kò rì rí, bàbá. Ẹnì kan ló tú u kúrò lẹ́yìn ọkọ̀ kí ọkọ̀ tó dojú dé. Ta ni?"

Ó-ń-ṣiṣẹ́ wo ẹnu ọ̀nà, níbi tí Ọkọ Kékeré gbà jáde. "Ọ̀gá, ẹ má bi mí. Ará ilé ẹni tó ni ín ni kẹ́ ẹ bi."

*

Ọkọ Kékeré wà létí omi, ó ń fi ike gbọ́n omi inú ọkọ̀ rẹ̀. Jẹ́-n-wò-ó ò fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n. "Ẹ́ńjìnnì bọ̀ọ̀dá rẹ ni."

Ike bọ́ lọ́wọ́ ọkùnrin náà. Ó jókòó sínú omi tí kò tíì gbọ́n tán.

"Ìwọ lo rí ọkọ̀ nígbà tó dojú dé. Okùn tí wọ́n fi ń so ẹ́ńjìnnì mọ́ ọkọ̀ ńkọ́? O ò mẹ́nu kàn án rí."

Ọkọ Kékeré dìde, ó wọ inú àtíbàbà tó ń kó àwọ̀n sí, ó tú ìdí àwọ̀n, ó sì gbé okùn kan jáde. Òrùka irin tó wà nínú ọkọ̀ ni wọ́n so ìdí rẹ̀ mọ́ tẹ́lẹ̀. Jẹ́-n-wò-ó yẹ orí kejì wò, èyí tó máa ń wà lára ẹ́ńjìnnì. Ó pé. Kò já, wọn ò gé e.

Ẹni tí kò bá mọ àṣà àwọn atukọ̀ odò yẹn ò ní mọ ohun tí ojú ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ rí. Gbogbo wọn ló máa ń fi okùn so ẹ́ńjìnnì mọ́ ọkọ̀, kó má baà jábọ́. Àmọ́ ilé kọ̀ọ̀kan ló ní bó ṣe ń ta kókó tirẹ̀, bàbá ló ń kọ́ ọmọ, wọn kì í sì í tú u lójú àlejò. Bí àlejò bá dúró tì í títí ilẹ̀ á fi ṣú, kò ní rí orí okùn. Olè orí odò náà mọ̀ bẹ́ẹ̀, ọ̀bẹ ló ń mú dání.

"Ta ló mọ kókó ilé yín tú?"

"Bàbá wa. Wọ́n ti kú."

"Ta tún ni?"

"Bọ̀ọ̀dá mi."

"Ta tún ni?"

Omijé ti gba ojú Ọkọ Kékeré. "Èmi. Ìdí tí mo fi gbé e pamọ́ nìyẹn, ẹ̀gbọ́n. Bí mo ṣe rí i pé wọ́n tú u ni, mo ti mọ̀ pé èmi ni wọ́n máa mú. Ta ló fẹ́ gbà mí gbọ́? Mo fi Ọlọ́run búra, mi ò pa á!"

Ẹ wò ó, ká má tan ara wa: fún ìṣẹ́jú kan, ó wu Jẹ́-n-wò-ó kó jẹ́ pé ọkùnrin yìí ló ṣe é. Bí ó bá ṣe é, Atukọ̀ ti kú. Ẹ̀rí wà lọ́wọ́, ẹlẹ́rìí wà ní ṣọ́ọ̀bù, àgọ́ ọlọ́pàá ò sì jìnnà. Ohun tó ti ń wá láti ọdún méjì wá fi ara rẹ̀ lé e lọ́wọ́ bẹ́ẹ̀. Ó tutọ́ sílẹ̀, ó sì bú ara rẹ̀ nínú.

"Nu ojú rẹ. Ta ló pè mí wá yẹ ẹ́ńjìnnì yìí wò?"

"Èmi ni."

"Olè wo lo rí rí tó mú ọlọ́pàá dání lọ ná ẹrù tó jí? Ká ní ìwọ lo tà á, ṣọ́ọ̀bù mìíràn lò bá mú mi lọ." Ó ká okùn náà, ó fi lé e lọ́wọ́. "Àwọn mẹ́ta ló mọ kókó yìí tú. Ọ̀kan ti kú kó tó ṣẹlẹ̀. Ìwọ kọ́. Ta ló kù?"

Ọkọ Kékeré wò ó. Ó tún wo okùn tó wà lọ́wọ́ ara rẹ̀.

"Bẹ́ẹ̀ ni," ni Jẹ́-n-wò-ó wí, ohùn rẹ̀ sì rẹlẹ̀. "Òun fúnra ẹ̀ ló tú u."

*

Nígbà tó padà sí ṣọ́ọ̀bù, kò jókòó. "Bàbá, ẹni tó ni ín ló tà á fún yín. Ẹ ò pa ẹnikẹ́ni, ẹ ò jí nǹkan kan. Ẹ sọ̀rọ̀ kára ó tù yín."

Bí ẹni tí wọ́n sọ ẹrù kalẹ̀ fún ni bàbá ṣe mí kanlẹ̀. Ó ní ìdájí ọjọ́ kan ni Atukọ̀ gbé ẹ́ńjìnnì lé èjìká wá. Ọkọ̀ akẹ́rù kan dúró lójú títì, obìnrin kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó pọn ọmọ.

"Ọmọ ta ni?"

"Ọ̀gá, imú bàbá ẹ̀ ló gbé wáyé. Kò sí ohun tí mo fẹ́ bi í."

"Ṣé ó bá yín ná an?"

"Kò ná rárá, kánjúkánjú ló ń ṣe. Ọ̀rọ̀ kan ló sọ, pé ọwọ́ ẹ̀ ti là lábẹ́ awọ, kí n má ṣí i o, pé awọ yẹn ló dì í mú. Mo bá yọ díẹ̀ nínú owó ẹ̀, ó sì gbà. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ pé wọ́n ń wá a nínú omi. Ẹ̀rù bà mí. Ta ló fẹ́ gbà pé òun fúnra ẹ̀ ló tà á? Mo gbé e pamọ́ sẹ́yìnkùlé, títí ọ̀rọ̀ fi tutù, kí n tó kùn ún lọ́dà."

"Ẹ yẹ ibi tó là yẹn wò?"

"Ẹni tó bá ní ọjà òun dáa là ń yẹ̀ wò, ọ̀gá. Àbùkù tí olọ́jà fẹnu ara ẹ̀ kà, ta ló tún ń yẹ ìyẹn wò?"

*

Aránṣọ wà nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, tépù ìwọnṣọ wà lọ́rùn rẹ̀, ó ń rán etí aṣọ ilé ìwé kan. Jẹ́-n-wò-ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì àwọn oníbàárà. Ó sọ ti ẹ́ńjìnnì tí kò rì. Ó sọ ti okùn. Ó sọ ti ọkọ̀ akẹ́rù àti obìnrin tó pọnmọ. Ẹsẹ̀ obìnrin náà ò kúrò lórí ẹ̀rọ, ó ń tẹ̀ ẹ́ lọ, aṣọ sì ń kọjá lábẹ́ abẹ́rẹ́, títí aṣọ fi tán tí abẹ́rẹ́ ń gún afẹ́fẹ́.

"Ó wà láàyè," ló sọ.

"Nígbà tó kúrò níbí, ó wà láàyè."

"Ẹ̀yin obìnrin tó wá tu mí nínú, ẹ ní kí n gba kádàrá, mi ò gbà." Kì í ṣe Jẹ́-n-wò-ó ló ń bá sọ̀rọ̀ mọ́. "Àràárọ̀ ni mò ń bẹ Ọlọ́run pé kó dá ẹ̀mí ẹ̀ sí. Ó dá a sí. Èmi ni mi ò rántí bẹ̀ ẹ́ pé kó dá òun fúnra ẹ̀ padà fún mi."

Ó wá sunkún. Ó sun ún bó ṣe yẹ kó ti sun ún láti ọdún méjì. Jẹ́-n-wò-ó ò mọ ohun tó lè fọwọ́ ṣe, ó mú ìdì òwú kan, ó ń tú u, ó tún ń ká a padà.

Nígbà tó sunkún tán, ó fi etí aṣọ nu ojú. "Awọ mi ńkọ́? Àtẹ́lẹwọ́ ẹ̀ máa ń bó nígbà yẹn, tó bá wà á láti àárọ̀ dalẹ́, mo bá rán an sí i. Mo dá abẹ́rẹ́ méjì nítorí awọ yẹn. Kí ló dé tí kò fi tú u dànù kó tó tà á?"

"Ó sọ fún bàbá pé irin ti là lábẹ́ ẹ̀. Awọ yẹn ló dì í mú."

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì korò. "O ò rí i? Ìyẹn gan-an, torí irin ni, kì í ṣe torí mi." Ó dìde, ó ká aṣọ ilé ìwé náà. "Bá mi gbà á wá, jọ̀ọ́. Má jẹ́ kí wọ́n fi ọ̀bẹ gé e. Èmi ni mo rán an, èmi ni màá tú u. Bí mo bá tú u tán, wàá gba èsì rẹ. Ó ti pẹ́ tí o ti ń dúró."

Jẹ́-n-wò-ó jáde. Kò mọ bí ẹsẹ̀ ṣe gbé e délé. Ní alẹ́ ọjọ́ náà, ó rẹ́rìn-ín fún dígí tó fi ń fárùngbọ̀n, àgbàlagbà bẹ́ẹ̀.

*

Ní àárọ̀, òun àti Ọkọ Kékeré jọ lọ ná ẹ́ńjìnnì. Ó ka àbùkù: abẹ̀bẹ̀ tó ṣán, nọ́ńbà tí kò sí, ọ̀dà tí wọ́n fi bo gbogbo rẹ̀, ọwọ́ tó là. Iye tó dá bá gbogbo wọn lára mu. Ọkọ Kékeré san án. Àgọ́ ọlọ́pàá sì ti gba ọ̀rọ̀ bàbá sílẹ̀, wọ́n ní kó máa lọ, kó má tún fi fáìlì bá nọ́ńbà ẹnikẹ́ni ṣeré.

Jẹ́-n-wò-ó ní kí wọ́n bu omi gbígbóná wá. Ó rọra dà á sórí awọ títí ó fi rọ̀, ó sì fi àtàǹpàkò méjèèjì tì í díẹ̀díẹ̀, títí ó fi bọ́ jáde lódindi, kò sí òwú kan tó já. Ó fi àkísà nu irin abẹ́ rẹ̀. Ó wò ó. Ó gbé e lọ sẹ́nu ọ̀nà, sínú oòrùn, ó tún wò ó.

Irin náà dán mọ́rán. Kò là. Kò sí ojú ọgbẹ́, kò sí ibi tí wọ́n jó pọ̀, kò sí àmì pé nǹkan ṣe é rí láti ìgbà tí wọ́n ti dá a.

"Háà!" ni Ó-ń-ṣiṣẹ́ ké. "Ọ̀gá, bí kò bá là, iye ẹ̀ ti yí padà nìyẹn o."

"Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yọ ti nọ́ńbà tí ìpẹtà fi fáìlì jẹ," ni ọlọ́pàá dá a lóhùn, kò sì wojú rẹ̀.

Ọkọ Kékeré ti ń gbé ẹ́ńjìnnì lọ sí ọkọ̀ rẹ̀, ó ń súfèé. Jẹ́-n-wò-ó dúró níbẹ̀ pẹ̀lú awọ tútù lọ́wọ́. Ìdí ọ̀rọ̀ yìí ò ṣòro rí. Ọkùnrin kan ń sá lọ, ó ní ìyàwó mìíràn àti ọmọ tó fẹ́ bọ́, kò sí owó tí kò wúlò fún un ní ọjọ́ yẹn. Síbẹ̀ ó fẹnu ara rẹ̀ ba ọjà ara rẹ̀ jẹ́. Ó ka àbùkù tí kò sí, kí wọ́n yọ nínú owó rẹ̀, nítorí ó mọ̀ pé bí alálòkù bá gbọ́ pé kò sí nǹkan kan lábẹ́ awọ, yóò fi ọ̀bẹ là á, yóò jù ú sórí ààtàn. Kò lè mú awọ náà lọ bá obìnrin kejì. Kò sì lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ tú u. Ohun kan ṣoṣo tó lè ṣe fún un ni kó parọ́ nítorí rẹ̀, ó sì pa á.

Kò sí ilé ẹjọ́ tó nílò ẹ̀rí yìí. Ọkọ Kékeré ò wo irin náà, bàbá ò mọ ohun tó túmọ̀ sí. Òun nìkan ló mọ̀. Bí ó bá pa ẹnu mọ́, kò purọ́ fún ẹnikẹ́ni, ó kàn dákẹ́ ni. Ó fi gbogbo ọ̀nà sọ bẹ́ẹ̀ fún ara rẹ̀, nígbà tó sì máa fi dé iwájú ṣọ́ọ̀bù, ó ti fẹ́ gbà á gbọ́.

Aránṣọ ti ń retí rẹ̀. Ó ti wọ ẹ̀wù kan tí Jẹ́-n-wò-ó ò tíì rí lọ́rùn rẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti wà lọ́mọdé, ẹ̀wù aláwọ̀ ewé, ó sì ti palẹ̀ tábìlì mọ́, kò ku nǹkan kan lórí rẹ̀ àfi sísọ́ọ̀sì kékeré tó fi ń tú òwú. Ó gba awọ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó tẹ́ ẹ sílẹ̀, ó fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ́ ẹ dáadáa, ó sì rẹ́rìn-ín díẹ̀.

"Mo dàgbà nídìí iṣẹ́ yìí o. Wò ó bí mo ṣe rán an wọ́ nígbà náà."

"Kò wọ́," ni Jẹ́-n-wò-ó wí.

Obìnrin náà wá kókó tó pa mọ́ sínú, ó rí i, ó sì ti ẹnu sísọ́ọ̀sì bọ abẹ́ òwú àkọ́kọ́. Kò bi í ní ìbéèrè kankan. Ká ní ó bi í ni, ì bá rọrùn.

"Aránṣọ."

"Hùn?"

"Mo wò ó. Irin yẹn ò là."

Ọwọ́ obìnrin náà dúró. Ó pẹ́ kó tó gbé ojú sókè, nígbà tó sì gbé e sókè, Jẹ́-n-wò-ó ni kò lè wò ó. Ó ń wo ọwọ́ rẹ̀. Ó rí i bó ṣe yọ ẹnu sísọ́ọ̀sì kúrò lábẹ́ òwú náà, díẹ̀díẹ̀, pẹ̀lú ìṣọ́ra, kó má baà já.

Jẹ́-n-wò-ó mú fìlà rẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì, ó ní ó dàárọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé oòrùn ṣì wà lókè.